Ihò Níwájú Orí Leida

Aago méjì òru ti kọjá ní Tartu,
yìnyín ń bọ́ sórí odò Emajõgi,
kò pariwo, kò kan ilẹ̀kùn.
Kọfí mi ti di omi tútù.
Mo ń wo àwòrán orí ìyá arúgbó kan,
Leida Kuusik, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
tó yọ̀ǹda orí rẹ̀ fún ìwádìí wa
nítorí, ó ní, òun kò tíì lò ó tán.

Ihò wà níbẹ̀.
Ihò dúdú, lókè ojú òsì,
ó tó ẹyin adìẹ.
Ọpọlọ ni mo ní kí ẹ̀rọ fi hàn mí,
ọ̀pọ̀lọ́ ni mo rí,
ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró de eṣinṣin.

Priit, ọmọ Võru, tó máa ń jẹ búrẹ́dì dúdú
títí èérún rẹ̀ yóò fi há sáàárín bọ́tìnì mi,
ó ní, "Àrùn ni. Ẹ jẹ́ ká pe dókítà."
Mo ní kó dúró ná.
Ta ló ń rí òjìji tó ń pariwo olè?

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú;
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Láti ìrọ̀lẹ́, iwájú ni èmi ń wò bí ọmọdé:
mo yí nọ́ńbà sókè, mo yí i sílẹ̀,
mo kùn ún ní pupa, mo kùn ún ní búlúù,
ihò kò sún.

Mo bá yíjú padà.
Ìgbésẹ̀ keje, níbi tí a ti ń mú àwòrán dán: ihò.
Ìkẹfà, níbi tí a ti ń na orí oníkálukú
títí yóò fi bá orí kan ṣoṣo mu,
orí tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni:
ihò, ó tilẹ̀ fẹ̀ sí i.
Ìkarùn-ún, níbi tí a ti ń tún ibi tí orí ti mì ṣe.
Leida mì lẹ́ẹ̀kan, ní ìṣẹ́jú kẹrin.
Ó ní ariwo ẹ̀rọ náà jọ katakata bàbá òun,
ẹ̀rín sì gbọ̀n ọ́n.
Ẹ̀rín náà ṣì wà níbẹ̀, ìlà tín-ín-rín mẹ́ta
bí ìgbì létí odò.
Ẹ̀rín kì í lu ihò.

Ìkẹrin. Ìkẹta.
Ìkejì, níbi tí a ti ń bó agbárí kúrò lára ọpọlọ:
ihò.
Ìkínní, àwòrán bó ṣe ti inú ẹ̀rọ jáde,
ti irun ti eyín, ti ọ̀rá abẹ́ awọ:
ọpọlọ Leida pé.
Ó pé!
Ó kàn fà sẹ́yìn díẹ̀ lára egungun
bí ọjọ́ orí ti máa ń fà á.
Orí ọ̀dọ́ ni a fi kọ́ ètò wa ní ọ̀bẹ mímú;
ó bó Leida bí ẹyin sísè,
ó bó funfun mọ́ èèpo.

Mo yí ìdajì padà sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá.
Ọ̀pọ̀lọ́ pa ẹnu dé.
Priit pàtẹ́wọ́. Èmi kò pa á.

Lọ́dún tó kọjá, a tẹ ìwé kan jáde,
a ní iwájú orí ló kọ́kọ́ ń jò lára àgbà.
Ọ̀bẹ kan náà. Ènìyàn mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Ní òwúrọ̀, màá ní láti sọ fún Hillar, ọ̀gá wa,
tó ti fi ìwé náà kọ́ sára ògiri.
Ọkọ̀ tó ń ko yìnyín ti ń kọjá nísàlẹ̀,
iná rẹ̀ ń yí lára àjà.
Priit ti gbá èérún búrẹ́dì kúrò, ó fa àga súnmọ́ mi.
"Ta ló kàn?"
Endel Raudsepp, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.
Mo ṣí i.